Títún própẹ́là ẹ̀yìn Jeep Wrangler TJ ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e sókè

Ọkọ̀ náà àti àròyé tó bá wá

Jeep Wrangler TJ ọdún 2001 ni, ẹ́ńjìnnì lítà 4.0, jíà ọlọ́wọ́, transfer case NV231 (àpótí jíà tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì sí iwájú àti ẹ̀yìn), ásù Dana 44 lẹ́yìn, Dana 30 níwájú, jíà ásù méjèèjì jẹ́ 3.73. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti fi sípíríǹgì íǹṣì 4 gbé e sókè, ó sì ti gbé táyà íǹṣì 33 sí i. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Houston níbí ni wọ́n rà á lọ́wọ́ onítọ̀hún. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí Moab ní ìpínlẹ̀ Utah, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ Jeep ti máa ń gun àpáta pupa. Ọ̀nà ibẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún máìlì lọ láti ọ̀dọ̀ wa, wọn kò sì fẹ́ fi ọkọ̀ míì gbé e lọ, wọ́n fẹ́ wà á débẹ̀ ni.

Àròyé wọn ni pé bí ọkọ̀ bá ti kọjá máìlì 50 ní wákàtí kan, ilẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ọwọ́ jíà á máa gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀, díńgí tí a fi ń wẹ̀yìn kò ní ṣeé wò mọ́. Wọ́n ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ti gbé táyà lọ fún bálánsì, ibi tó wà náà ló wà. Wọ́n ní kí n bá àwọn fi kúrọ́ọ̀sì tuntun (oríkèé irin tó ń jẹ́ kí própẹ́là lè tẹ̀ bó ṣe ń yí) sí própẹ́là ẹ̀yìn, ìyẹn ọ̀pá tó ń gbé agbára láti transfer case lọ sí ásù ẹ̀yìn.

"Àbúrò, ṣé kúrọ́ọ̀sì nìkan kò ní tó ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, á tó fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó jẹ èyí tó wà níbẹ̀ máa jẹ tuntun náà. Ẹ jẹ́ kí n wọn igun rẹ̀ ná."

Èrò mi lórí ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin: ọkọ̀ tí a bá gbé sókè tí a kò tún igun própẹ́là rẹ̀ ṣe, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí, iye yòówù tí a bá ná sórí sípíríǹgì àti táyà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ irin tó nípọn. Própẹ́là tó le jù lọ lọ́jà á gbọ̀n bí igun rẹ̀ bá burú, ó sì máa ń ba transfer case àti pinion (jíà kékeré tó wà ní imú ásù, níbi tí própẹ́là so mọ́) jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó kú.

Èwo ló ń gbọ̀n?

Kí n tó tú bóòtù kankan, mo wa ọkọ̀ náà jáde sórí òpópónà I-10. Oríṣiríṣi ni gbígbọ̀n, ẹni tó bá sì mọ bí nǹkan kọ̀ọ̀kan ṣe ń yára yí á lè fi etí àti ọwọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní máìlì 65, táyà íǹṣì 33 ń yí bíi ìgbà 660 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá jẹ́ táyà ni kò bálánsì, gbígbọ̀n rẹ̀ á wúwo, á lọ́ra, ọwọ́ sitiárìn lèèyàn ti máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Própẹ́là ń yí ní ìlọ́po 3.73 iye yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,470 ní ìṣẹ́jú kan. Bí própẹ́là bá wọ́, tàbí tí wẹ́ìtì ìbálánsì rẹ̀ ti já, ìgbà 41 ni yóò máa lu ọkọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá. Kúrọ́ọ̀sì tí igun ń dà láàmù ní tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń lu ọkọ̀ nínú yíyí kan ṣoṣo, ìgbà 82 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ìyẹn ti kọjá mímì, ó ti di ohùn tí etí ń gbọ́. Ohùn yẹn ló ń ti ìsàlẹ̀ ìjókòó ẹ̀yìn bọ̀ nínú TJ yìí.

Ohun míì tún wà. Nígbà tí mo tẹ iná sí i, kíkùn náà le sí i. Nígbà tí mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, ohùn rẹ̀ yí padà. Táyà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ásù ẹ̀yìn ni, tí agbára ẹ́ńjìnnì bá ti dé bá a, ó máa ń gbé imú sókè, tó bá ti gbé imú, igun kúrọ́ọ̀sì ẹ̀yìn ti yí nìyẹn.

Mo padà sílé, mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Ìyẹ̀fun pupa ti yí etí fìlà kúrọ́ọ̀sì ẹ̀yìn ká, gíríìsì ti gbẹ níbẹ̀, ìpẹtà ló sì ń yọ jáde. Nígbà tí mo fi fáìsì tì í jáde tí mo nù ún, mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lára ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì, ojú ibi tí àwọn abẹ́rẹ́ béárìn jókòó sí. Bí mo bá fi èékánná gbá a, èékánná ń kọ́ sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Kúrọ́ọ̀sì tó bá ti ní ìlà báyìí, gíríìsì kankan kò lè gbà á là.

Igun tí mo bá

Kúrọ́ọ̀sì kan ṣoṣo kì í gbé yíyí kọjá déédéé tó bá ti tẹ̀. Bí ọ̀pá tó ń yí i bá tilẹ̀ ń lọ ní ìwọ̀n kan náà, èyí tó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ á yára, á falẹ̀, á tún yára, á tún falẹ̀, kí yíyí kan tó pé. Ní dígírì 10, ìyàtọ̀ náà jẹ́ bí ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún sókè àti sísàlẹ̀. Ní dígírì 17, ó ti di bí 4.5. Ní dígírì 20, ó ti wọ 6. Bí igun bá di ìlọ́po méjì, wàhálà á di ìlọ́po mẹ́rin, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tí wọ́n gbé sókè ní íǹṣì 2 fi lè máa lọ jẹ́jẹ́ tí èyí tí wọ́n gbé ní íǹṣì 4 á sì máa pariwo. Ìmọ̀ yìí ti pẹ́: Robert Hooke ti ń ṣàlàyé rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọ̀rúndún 17. Clarence Spicer ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ fún mọ́tò ní Plainfield, New Jersey, ní 1904, orúkọ Spicer náà ni wọ́n ṣì fi ń pe kúrọ́ọ̀sì 1310 tí mo yọ lára ọkọ̀ yìí.

Própẹ́là tó ní kúrọ́ọ̀sì kan níwájú, kan lẹ́yìn, kò burú bí kúrọ́ọ̀sì méjèèjì bá tẹ̀ ní igun kan náà. Ohun tí ti iwájú bá dà rú, ti ẹ̀yìn á tò ó padà. Fún ìyẹn, ojú ìjáde transfer case àti imú pinion gbọ́dọ̀ wà ní ìbúdọ́gba, kí ọ̀kan dà sísàlẹ̀ ní iye tí èkejì fi gbé sókè. Ṣùgbọ́n própẹ́là tó wà láàárín wọn ṣì ń yára ó ń falẹ̀, irin tó wúwo sì ni. Bí igun bá ti pọ̀ jù, ìbúdọ́gba nìkan kò gbani.

Mo fi ohun ìwọngun onímágínẹ́ẹ̀tì wọn gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí kọnkéré tó tẹ́jú, kì í ṣe lórí jáàkì, nítorí tí ásù bá ti rọ̀ sílẹ̀, iye tí èèyàn rí kò wúlò mọ́. Ojú ìjáde transfer case dà sẹ́yìn ní dígírì 6. Própẹ́là fúnra rẹ̀ wà ní dígírì 20. Pinion gbé imú sókè ní dígírì 3 péré. Ìyẹn ni pé kúrọ́ọ̀sì iwájú ń ṣiṣẹ́ ní 14, ti ẹ̀yìn ní 17. Igun ti pọ̀ jù, wọn kò sì tún bá ara wọn mu.

Ẹni tó gbé ọkọ̀ yìí sókè mọ̀ pé igun á burú. Ó fi ìtẹ̀ irin íǹṣì 1 sáàárín férémù àti irin abẹ́ tó gbé transfer case, kí transfer case lè sọ̀ kalẹ̀ kí igun dínkù. Ọ̀pọ̀ ohun èlò ìgbésókè ló ń bá ìtẹ̀ yẹn wá. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Èèyàn ná owó kí abẹ́ ọkọ̀ lè ga sí i, ó wá tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ibi tó máa kọ́kọ́ kan àpáta sílẹ̀.

Ìdí tí TJ fi ń jìyà èyí ju àwọn míì lọ

Láti ásù iwájú sí ásù ẹ̀yìn TJ, íǹṣì 93.4 ni. Ẹ́ńjìnnì, jíà àti transfer case ti jẹ gbogbo iwájú, ohun tó kù fún própẹ́là ẹ̀yìn kéré. NV231 tún wá fi ìrù gígùn kan sẹ́yìn, inú ìrù yẹn ni ẹnu própẹ́là ti ń yọ́ wọlé yọ́ jáde lórí eyín ṣáàfù. Slip yoke ni wọ́n ń pè é; yoke ni ẹnu elétí méjì tí kúrọ́ọ̀sì ń jókòó sí. Bí ásù bá sọ̀ kalẹ̀, própẹ́là á fà jáde. Bí ásù bá gbéra, á wọlé. Ó rọrùn, kò wọ́n, ó sì dára fún ọkọ̀ tí kò ga. Ṣùgbọ́n ààyè tí ìrù yẹn gbà, ara gígùn própẹ́là ló ti gbà á, própẹ́là kúkúrú ló sì ń yára dà gẹ̀rẹ̀ bí a bá gbé ọkọ̀ sókè. Àléébù míì wà níbẹ̀: tí própẹ́là bá já nínú igbó tí èèyàn fà á yọ, ọ́ìlì transfer case á tú dà sílẹ̀ láti ẹnu ìrù.

TJ Rubicon tó jáde láti 2003 kò ní wàhálà yìí, transfer case NV241OR tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ní yoke tí kì í yọ́ láti ilé iṣẹ́.

Fún NV231, ọ̀nà méjì ni àwọn èèyàn fi ń mú slip yoke kúrò. Èkíní, wọ́n á gé ìdí ṣáàfù ìjáde tó wà níbẹ̀, wọ́n á lu ihò bóòtù sí i lórí, wọ́n á fi yoke kan dè é mọ́ ọn. Ó pọ́ọ́kú, kò sì sídìí láti tú transfer case. Èkejì, èèyàn á tú transfer case pátápátá, á yọ ṣáàfù àtijọ́, á fi tuntun tó kúrú tó sì sanra sí i, eyín 32. Èkejì ni mo yàn. Ọkọ̀ tó máa gun àpáta pẹ̀lú táyà íǹṣì 33, mi ò ní gbé agbára rẹ̀ gba orí bóòtù kan ṣoṣo tí wọ́n lù sí ìdí ṣáàfù tí wọ́n gé.

Títú NV231

Mo da ọ́ìlì rẹ̀ sílẹ̀, mo fi jáàkì àti pákó gbé ìdí jíà dúró kí n tó sọ irin abẹ́ kalẹ̀, torí irin abẹ́ náà ló gbé jíà. Nọ́ọ̀tì mẹ́fà ló so transfer case mọ́ jíà. Èyí tó wà lókè ni kò ṣeé rí, ọwọ́ lèèyàn fi ń wá a. Ó ṣeé ṣe kí èèyàn ṣe iṣẹ́ yìí láìsọ transfer case kalẹ̀, kó tú ìdajì ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Mo fẹ́ ẹ lórí tábìlì, níbi tí iná wà, tí ohun tó bá bọ́ kò ní bọ́ sójú mi.

Ìrù kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà circlip tó di béárìn ẹ̀yìn mú, lẹ́yìn náà ni bóòtù tó yí àpótí náà ká. Alumíníọ̀mù ni àpótí yìí, nítorí náà mi ò ki sikirudíráfà bọ àárín rẹ̀ kí n fi tipá là á. Àyè wà létí rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún irin ìlà, ibẹ̀ ni kí ẹ lò. Nígbà tí ìdajì ẹ̀yìn gbéra, ṣéènì gbígbòòrò náà hàn, ṣáàfù ńlá lápá kan, ṣáàfù ti iwájú lápá kejì. Mo fi ọwọ́ tẹ ṣéènì náà wò, kò tíì rọ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpótí gbé ẹrẹ̀ dúdú dání, kò sí èérún irin lára rẹ̀. Inú mi dùn sí ìyẹn, torí ó fi hàn pé gbígbọ̀n náà kò tíì wọ inú.

Ohun tó yẹ kí èèyàn fi sùúrù ṣe níbí ni kíkó àwọn nǹkan láti ara ṣáàfù àtijọ́ sí tuntun: jíà ṣéènì, ìdè tó ń so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, àti fọ́ọ̀kì tó ń tì í. Mo ya fọ́tò kí n tó yọ ohunkóhun, mo tò wọ́n sórí asọ funfun bí wọ́n ṣe jáde. Páàdì oníke tó wà ní ẹnu fọ́ọ̀kì náà ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, mo pààrọ̀ wọn. Kò wọ́n rárá, ìgbà tí àpótí ti wà ní ṣíṣí sì ni èèyàn lè dé ibẹ̀.

Ohun kékeré kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fojú fò: páìpù tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀. Ó ní òrùka rọ́bà kan ní ẹnu. Bí òrùka náà bá ti sán tàbí tí kò jókòó dáadáa, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù á máa fà, béárìn ẹ̀yìn á sì gbẹ láìsí pé ọ́ìlì tán. Mo fi tuntun sí i, mo fi ọ́ìlì pa á lára, mo sì dì í mú sípò bí mo ti ń gbé ìdajì ẹ̀yìn padà lé. Gọ́ọ̀mù ìdíwọ́ ọ́ìlì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo fi sí ojú àpótí méjèèjì, torí èyí tó bá pọ̀ jù á fún wọlé, ibi ẹnu páìpù yẹn ló sì máa ń lọ dí.

Yoke tuntun wọlé sórí eyín 32, mo fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ sára eyín náà kí ọ́ìlì má baà gba ibẹ̀ yọ́ jáde, mo fi sípánà oníwọ̀n mú nọ́ọ̀tì rẹ̀ le. Ọ́ìlì ATF bíi lítà kan ló gbà. Mo gbé transfer case padà sókè, mo sì yọ ìtẹ̀ íǹṣì 1 yẹn dànù. Irin abẹ́ padà lẹ̀ mọ́ férémù bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é.

Imú pinion

Própẹ́là tuntun máa ní kúrọ́ọ̀sì oníbejì lápá transfer case: kúrọ́ọ̀sì méjì tó so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bọ́ọ̀lù kékeré kan sì wà láàárín tó ń mú kí wọ́n pín igun náà dọ́gba. Ohun tí ọ̀kan bá dà rú, èkejì tò ó níbẹ̀ gan-an. Nítorí náà òfin ìbúdọ́gba kò sí mọ́. Kúrọ́ọ̀sì ẹ̀yìn tó kù ní òun nìkan kò ní ẹni tó máa bá a tò ó, torí bẹ́ẹ̀ a gbọ́dọ̀ mú igun tirẹ̀ sún mọ́ òdo. Pinion gbọ́dọ̀ kọjú sí transfer case tààrà, kó sì rẹlẹ̀ díẹ̀, dígírì 1 sí 2, kó lè jẹ́ pé nígbà tí agbára bá dé tí ásù gbé imú, á bá própẹ́là mu.

Control arm òkè ti ẹ̀yìn (ọ̀pá tó so ásù mọ́ férémù) ni mo fi ṣe é. Mo fi èyí tó ṣeé fà gùn sí i, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀. Bí ti òkè bá gùn sí i, á ti orí ásù sẹ́yìn, imú pinion á gbéra. Ohun tó ń dáni dúró níbí ni pé bí imú ṣe ń gbéra, ìdí própẹ́là náà ń gbéra, igun própẹ́là ń dínkù. Èèyàn ń lé ohun tó ń sún. Mo fi igi gbọọrọ kan tí mo gé sí ìwọ̀n dípò própẹ́là, mo ń yí control arm, mo ń mi ọkọ̀ kí ásù lè jókòó, mo ń wọn. Níkẹyìn pinion dúró ní dígírì 13, ibi tí própẹ́là máa wà jẹ́ 14.5, ojú ìjáde transfer case jẹ́ 4. Kúrọ́ọ̀sì oníbejì á máa ru dígírì 10.5, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba bíi 5. Kúrọ́ọ̀sì ẹ̀yìn 1.5. Ẹ fi wé 14 àti 17 tí mo bá níbẹ̀.

Yíyí ásù kò mọ sórí pinion. Ìjókòó sípíríǹgì yí, etí ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì yí, ibi tí ọ̀pá tó ń di ásù mú kó má yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ so mọ́ náà yí. Mo yẹ gbogbo wọn wò. Ọ̀pá yẹn ti fẹ́ máa kan férémù, mo gbé ibi ìso rẹ̀ sókè lórí ásù. Ọ́ìlì ásù náà: bí pinion bá gbé imú, béárìn iwájú rẹ̀ á ga ju ojú ọ́ìlì lọ. Mo gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè díẹ̀ kí ihò ìgbọ́ìlì lè gba díẹ̀ kún un.

Gígùn, páìpù, bálánsì

Ìgbà yìí nìkan ni mo tó wọn gígùn própẹ́là. Mo tẹnu mọ́ ọn torí ohun tí ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ ṣe ni láti ra própẹ́là, kí wọ́n tó wá máa fi igun ásù bá a mu. Gígùn máa ń yí pẹ̀lú igun. Mo wọn ọ́n nígbà tí ọkọ̀ wà lórí táyà, láti àárín ìho fìlà yoke transfer case dé àárín ti pinion. Mo tún wọn ọ́n nígbà tí mo fi jáàkì gbé férémù tí ásù rọ̀ sílẹ̀ dé òpin ṣọ́ọ̀kì, àti nígbà tí mo yọ sípíríǹgì tí mo gbé ásù dé ibi tó ti kan rọ́bà ìdádúró. Ìyàtọ̀ láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń sọ iye tí eyín ìfàgùn própẹ́là gbọ́dọ̀ lè fà àti iye tó gbọ́dọ̀ lè wọlé.

Mo gbé ìwọ̀n wọ̀nyí lọ bá àwọn tó ń ṣe própẹ́là nítòsí mi. Kúrọ́ọ̀sì 1310 náà ni mo ní kí wọ́n lò. Ẹ̀gbọ́n ti gbọ́ pé 1350 sanra jù ú lọ, wọ́n fẹ́ ẹ. Mo bẹ̀ wọ́n. Fún táyà íǹṣì 33 àti ẹ́ńjìnnì yìí, 1310 tí igun rẹ̀ dára á ṣiṣẹ́ pẹ́, ó sì sàn kí ohun tó máa ṣẹ́ lórí àpáta jẹ́ kúrọ́ọ̀sì kékeré tí èèyàn lè gbé àfikún rẹ̀ dání, ju kó jẹ́ eyín ṣáàfù lọ. Páìpù tí ògiri rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 0.120 ni a yàn dípò 0.083, torí òkúta lè tẹ ti fẹ́lẹ́ wọnú, tí ó bá sì ti tẹ̀ wọnú báyìí, bálánsì ti lọ.

Mo dúró wò ó nígbà tí wọ́n ń jó ẹnu rẹ̀ mọ́ páìpù. Wọ́n kọ́kọ́ jó o ní ojú mélòó kan, wọ́n gbé e yí lórí ẹ̀rọ, wọ́n fi ohun ìwọ̀n kan ara páìpù, wọ́n fi hámà lù ú díẹ̀ títí ó fi ń yí láìsí gígọ̀, kí wọ́n tó jó o yí ká. Lẹ́yìn náà wọ́n yí i ní eré gidi, wọ́n sì jó wẹ́ìtì pẹlẹbẹ sí apá ibi tó fúyẹ́. Mo ní kí wọ́n fi ìlà gún ojú ibi tí eyín ìfàgùn ti pàdé. Bí ẹnikẹ́ni bá fà á yọ lọ́jọ́ iwájú tó sì fi eyín kan yẹ̀, yoke méjèèjì kò ní wà ní ìtò kan náà mọ́, gbígbọ̀n á sì padà.

Dídè é, àti yíyẹ̀ ẹ́ wò ní rírọ̀

Fìlà kúrọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ jókòó sáàárín etí méjèèjì yoke kí ìdè irin tó bò ó. Bóòtù ìdè wọ̀nyí kéré, iye tí ìwé Jeep sọ ni kí ẹ fi sípánà oníwọ̀n mú un dé, torí bí ó bá le jù, á tẹ fìlà pa, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ kò ní lè yí. Bóòtù tuntun ni mo lò, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù bóòtù.

Lẹ́yìn náà mo gbé férémù sókè kí ásù rọ̀ dé òpin, mo sì fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, ọwọ́ kejì wà lára kúrọ́ọ̀sì oníbejì. Ohun tí mò ń wá ni ibi tó ti máa le, tàbí ibi tí irin ti ń kan irin. Kò sí. Eyín ìfàgùn ṣì wà nínú dáadáa, kò sún mọ́ ibi tó ti lè bọ́. Ẹni tó bá rí i pé ó ń le níbí, kó fi okùn tàbí ṣọ́ọ̀kì tó kúrú dá ásù dúró kó má rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Própẹ́là tó bá kan ara rẹ̀ ní ìdúró, lójú eré ló máa ṣẹ́.

Ojú ibi gíríìsì bọ́ọ̀lù àárín náà, inú kọ́lọ́fín ló wà. Ìbọn gíríìsì lásán kò dé ibẹ̀, ó ní ẹnu abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi sí i. Mo ra ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n, mo sì fi hàn wọ́n, torí bọ́ọ̀lù yẹn ló ń pa ọ̀pọ̀ própẹ́là oníbejì: wọ́n á fún gbogbo ojú tó hàn ní gíríìsì, wọ́n á fi èyí tí kò hàn sílẹ̀ kó gbẹ.

I-10 lẹ́ẹ̀kejì, àti própẹ́là iwájú

Kíkùn tó ń ti ẹ̀yìn bọ̀ ti lọ. Mo tẹ iná, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, ohùn kan náà. Ṣùgbọ́n láti bíi máìlì 55, mo ń gbọ́ kíkùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ti ẹ̀yìn bò mọ́lẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ti ń wá.

TJ kò ní ohun tó ń tú táyà iwájú kúrò lára ásù. Nítorí náà própẹ́là iwájú ń yí nígbà gbogbo, kódà nígbà tí ọkọ̀ wà lórí ẹsẹ̀ méjì. Mo tú própẹ́là iwájú sílẹ̀ pátápátá, mo wa ọkọ̀ náà padà lọ sójú ọ̀nà kan náà. Kíkùn náà kò sí mọ́. Kò sí ọ̀nà tó rọrùn tó yẹn láti mọ̀ ọ́n, kò sì gba ju sípánà lọ.

Própẹ́là iwájú ti ní kúrọ́ọ̀sì oníbejì láti ilé iṣẹ́. Nígbà tí mo tú u, bọ́ọ̀lù àárín rẹ̀ gbẹ táútáú, ihò tó jókòó sí ti di gígùn bí ẹyin. Mo pààrọ̀ bọ́ọ̀lù àti kúrọ́ọ̀sì mẹ́ta rẹ̀. Igun pinion iwájú ni mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Níwájú, pinion àti ìdagẹ̀rẹ́ sitiárìn wà lórí irin kan náà: bí èèyàn bá gbé imú pinion, ìdagẹ̀rẹ́ tó ń mú kí táyà máa wá ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ á dínkù, TJ sì fẹ́ bíi dígírì 7. Ọkọ̀ tó ga tó sì ń rìn gbéregbère lójú eré léwu ju ọkọ̀ tó ń kùn díẹ̀ lọ. Ìdagẹ̀rẹ́ ni mo dáàbò bò.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ní Hilux nílé

Wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ mi láti Ìbàdàn nípa Hilux tí wọ́n gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Própẹ́là ẹ̀yìn Hilux gígùn jẹ́ ọ̀nà méjì, béárìn kan sì so ó mọ́ férémù láàárín. Bí ẹ bá gbé ẹ̀yìn sókè, ibi ìpàdé àárín yẹn ló ń tẹ̀, ọkọ̀ á máa gbọ̀n gìdìgìdì nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra pẹ̀lú ẹrù, á sì dákẹ́ tó bá ti sáré. Ẹ kọ́kọ́ wo rọ́bà béárìn náà bóyá ó ti ya. Bí kò bá ya, ìtẹ̀ irin kékeré láàárín béárìn àti férémù, tó sọ béárìn kalẹ̀ díẹ̀, ló sábà máa ń yanjú rẹ̀. Ẹ wọn igun ọ̀nà méjèèjì kí ẹ tó gé ìtẹ̀ náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó própẹ́là yín láìsí ẹ̀rọ ìbálánsì.

Ibi tí ọkọ̀ wà báyìí

Ẹ̀gbọ́n ti wà á lọ sí San Antonio lọ bọ̀. Mo tún ìdè irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú lẹ́yìn ìrìn-àjò yẹn, kò sí èyí tó rọ̀. Ẹnu yoke transfer case gbẹ, kò sí ọ́ìlì. Nọ́ọ̀tì ìdè control arm òkè lápá ọ̀tún ti yí díẹ̀, mo mú un padà, mo fi ọ̀dà funfun fa ìlà kọjá lórí rẹ̀ kí a lè rí i bí ó bá tún yí. Ẹ̀gbọ́n ti kó kúrọ́ọ̀sì 1310 méjì, ìdè irin àti bóòtù rẹ̀ sínú àpótí irinṣẹ́ wọn fún Moab. Mo ti sọ fún wọn pé bí própẹ́là ẹ̀yìn bá ṣẹ́ lórí àpáta, kí wọ́n tú u kúrò, kí wọ́n fi transfer case sórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, táyà iwájú á fà wọ́n jáde, ọ́ìlì kò sì ní dà torí yoke ti dí ẹnu rẹ̀. Ohun tó kù láti ṣe ni control arm iwájú, a ó ṣe é nígbà tí wọ́n bá dé.